Orúkọ Tí Mama Dì Ránṣẹ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Júùnù 2007
Obìnrin! Ariwo ọmọ wa gba gbogbo ọsibítù n'Ìkòròdú. Rachael ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín, èmi ń sunkún. Ta ló wá bímọ nínú àwa méjèèjì?

Ọjọ́ Àìkú, 10
Mo pe màmá mi l'Ẹ̀pẹ́ — Ọ̀gá Àgbà ni mo máa ń pè wọ́n. Inú wọn dùn. Wọ́n ní àwọn á fi orúkọ ránṣẹ́, àmọ́ àwọn ò ní pè é lórí fóònù: ọmọ ò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ. Wọn ò béèrè Rachael. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọmọ apẹja Ìlàjẹ, wọn ò béèrè ẹ̀ rí. Ó ń dùn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Íméèlì Mama dé. Àbúrò mi Fàósátù, tíṣà kọ̀ǹpútà, ló bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo rí: Vk9HNnVjeUJi… ó ṣì ń lọ bẹ́ẹ̀. Mo pe Fàósátù. Ẹ̀rín ló ń rín. Mama ló ní kó fi base64 dì í, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ ọ̀rọ̀ di lẹ́tà rúdurùdu, kí ojú ẹlòmíì má kàn án kí ọjọ́ tó pé. Ó ní ṣebí èmi ni mo mọ Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí n tú u. Ọmọ burúkú!

Ọjọ́rú, 13
Mo tú u. Ó di VOG6ucyBbWls… Rúdurùdu di rúdurùdu.

Ọjọ́bọ̀, 14
Rachael ò jẹun. Ó ní bó bá jẹ́ orúkọ òwe ni Mama fi ránṣẹ́ ńkọ́ — irú èyí tí wọ́n fi ń bú ìyàwó, tọ́mọ á máa jẹ́ títí ayé. Mo ní rárá o. Ọkàn tèmi náà ò balẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Mo ń tú ẹ̀kọ fún Rachael láàárọ̀ ni mo dédé pariwo. Mama! Mama tó máa ń fi ewé méjì pọ́n ẹ̀kọ! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tú orúkọ yẹn. Mo sáré sídìí kọ̀ǹpútà, mo tún èyí tí mo ti tú tú, mo ní kó fi UTF-8 kà á, ìlànà tó mọ àmì orí lẹ́tà Yorùbá.

Tẹ́milọ́rùn.

Pẹ̀lú gbogbo àmì orí ẹ̀. Mo fa Rachael wá. A ò gbọ́dọ̀ pè é, a kàn ń nàka sí i bí odi. Omijé ń bọ́ lójú ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Fàósátù jẹ́wọ́ lórí fóònù: ẹ̀ẹ̀kan lòun dì í, Mama ló ní kóun tún un dì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16
Mama dé kí n tó wẹ̀. Wọn ò wojú mi. Yàrá Rachael ni wọ́n gbà lọ tààrà. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Ìyàwó mi, o kú ewu." Nígbà tí wọ́n wá pe orúkọ ọmọ sí i létí, gbogbo ilé gbè é. Ohùn Rachael ló ròkè jù.