Ilé Màmá Ti Dé Fìlà

Ilé Màmá,
Invercargill.
Ìparí oṣù kẹjọ.

Ẹ̀gbọ́n mi Lindsay,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́ láti inú ilé tí wọ́n ti tọ́ yín dàgbà. Mo kí ìyàwó yín, mo sì kí àwọn ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí ara gbogbo yín le koko, kí oòrùn Brisbane sì máa ràn fún yín bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ gúúsù ìgbà òtútù yìí ò jẹ́ ká gbádùn níhìn-ín, yìnyín ń bọ́ sórí páànù lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ara Màmá yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Òun ló mú mi kọ̀wé.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ gígùn yí yín po. Ẹ ní kí n fún yín lésì kí oṣù yìí tó parí. Èsì rèé: a ò ta ilé Màmá. Ọ̀gbẹ́ni tẹ́ ẹ rán wá pé kó bá wa tà á ti wá, ó sì ti lọ. Màá sọ bó ṣe lọ fún yín. Màmá ò lọ sí ilé àwọn arúgbó kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ni yín, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n lórí èyí, mo kọ̀. Màmá náà kọ̀.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Èmi ni mo di ọwọ́ Màmá mú nínú ọkọ̀ ilé ìwòsàn nígbà tí òtútù ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò lè mí. Etí mi ni dókítà sọ ọ́ sí pé bí àyà rẹ̀ bá tún dì bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, a lè má gbé e padà wálé. Ẹ pè mí, ẹ ní, "Raewyn, ilé yẹn ló ń pa á. Jẹ́ ká tà á kó tó pa á tán." Ìdajì ọ̀rọ̀ yín jẹ́ òótọ́. Ilé náà ló ń pa á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní ẹni tí ilé bá ń dà láàmú ló gbọ́dọ̀ kó jáde? Ilé ló yẹ ká mú, ká bá a wí.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe tọ́ wa. "Òtútù ń mú mi" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń sọ nílé yìí. Bàbá á ní, "Súwẹ́tà kan ò tó ọ? Wọ èkejì lé e." A máa ń rí èémí ara wa nídìí oúnjẹ àárọ̀, a ó sì máa fi ṣeré bí ẹni ń mu sìgá. Gbogbo àdúgbò ló rí bẹ́ẹ̀. Pákó níta, pákó nínú, àárín rẹ̀ ṣófo. A ó dá iná, ooru á gba òrùlé lọ bá àwọn ẹyẹ. A wá sọ ìyà di ìwà ọmọlúàbí. Ẹ mọ̀ pé òwò ni mo kọ́ ní yunifásítì, iṣẹ́ mi sì ni kí àwọn ọkọ̀ wàrà kúrò ní ibùdó lásìkò. Bí awakọ̀ mi kan bá ń wa ọkọ̀ tí táǹkì rẹ̀ ń jò, tó wá ń yangàn pé apá òun gbé e láti máa rọ epo sí i, ọjọ́ yẹn gan-an ni màá lé e. Kí ló dé tí mo fi wá ń kan sáárá sí àwọn òbí mi fún nǹkan kan náà?

Ni mo bá pe àwọn oníṣẹ́ tó ń fi irun àgùntàn tẹ́ àjà ilé, kí ooru má bàa gba òrùlé sá lọ. Obìnrin tó gbé fóònù ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn, àwọn á wá tó bá di ìgbà ìrúwé. Mo ní, "Ẹ ṣeun o. Tí òjò bá dá tán, ẹ bá mi gbé agboòrùn wá." Mo já fóònù. Mo sọdá títì lọ bá Tipene, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná kó tó fẹ̀yìn tì. Mo ní ọ̀wẹ̀ la máa ṣe, ilé sí ilé ní òpópónà wa, ká fi ti Màmá ṣáájú. Ó wò mí, ó ní, "Raewyn, ṣé o ń bẹ̀ mí ni àbí o ń pàṣẹ fún mi?" Mo ní, "Èwo ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ tètè dìde?" Ẹ̀rín pa á, ó lọ mú àkàbà.

Màmá ni kò gbà. Ó ní òun ti ń gbé ilé yìí láti ìgbà tí òun ti jẹ́ ìyàwó, àjà rẹ̀ ò sì bẹ òun ní aṣọ rí. Ìkòkò tíì wà níwájú rẹ̀, ó ti fi fìlà olówùú tó hun bò ó mọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mo ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi dé fìlà fún ìkòkò?" Ó ní, "Kó má tutù ni. Irú ìbéèrè wo nìyẹn?" Mo ní, "Ìkòkò dé fìlà, ilé ṣí orí sílẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, èwo lẹ̀ ń sùn sí?" Ó fọwọ́ tún fìlà ìkòkò náà ṣe. Ó ní, "Ẹnu ìyá bàbá rẹ ló wà lẹ́nu rẹ yìí." Mo mọ̀ pé ó ti gbà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo òpópónà dé. Tipene kọ́kọ́ yẹ gbogbo wáyà àtijọ́ wò kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan lé wọn. Lẹ́yìn náà la tò lórí àkàbà, à ń na irun àgùntàn nípọnnípọn sókè láti ọwọ́ dé ọwọ́. Glenys ilé kejì gbé búrẹ́dì tó ká mọ́ wàràkàṣì, tó sì yan, wá, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá òun náà á gun òkè. Ẹsẹ̀ Tipene yọ̀ lórí igi, bàtà rẹ̀ gba àjà yọ sí pálọ̀. Màmá wo bàtà náà láti orí àga, ó pariwo, "Tipene, tó bá jẹ́ tíì lo fẹ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbà wọlé mi!"

Ilé gbóná díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín: láràárọ̀, omi ṣì ń ṣàn lójú fèrèsé, ikọ́ Màmá sì ń já mi láyà. Mo wọ aṣọ iṣẹ́, mo fi àyà wọ́ wọ abẹ́ ilé, àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀ àti pákó tí à ń tẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ rin gbingbin, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kú, ó ń rùn. Àwọn ihò tí ẹni tó kọ́ ilé dá sí ìpìlẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, gbogbo wọn ni wọ́n ti fi bíríkì àti símẹ́ǹtì dí. Ẹ̀yin náà mọ bíríkì wọ̀nyẹn. A máa ń fi wọ́n han àlejò pé iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá tó gbẹ̀yìn nìyẹn, pé ó fi lé afẹ́fẹ́ gúúsù sẹ́yìn. Omi inú ilẹ̀ ò wá rí ibòmíràn gbà, àyàfi kó gba pákó gòkè wá sínú àyà Màmá. Bí a bá tẹ́ irun àgùntàn sí abẹ́ pákó yẹn báyìí, ńṣe ló máa rà mọ́ ọn. Bíríkì gbọ́dọ̀ kúrò ná.

Màmá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà lẹ pè pé ọ̀gbẹ́ni yín ń bọ̀. Sùúrù mi tán. Mo ní, "Màmá, bíríkì Bàbá tàbí ilé àwọn arúgbó. Ẹ mú ọ̀kan."

Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé bàbá ẹ ló fi wọ́n síbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ló fi wọ́n síbẹ̀. Bàbá mọ iṣẹ́ pákó, ó ti kìlọ̀ fún un tipẹ́ pé ibẹ̀ ni ilé ń gbà mí. Ṣùgbọ́n ní ìgbà òtútù tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, tó dùbúlẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, ó ń sọ ṣáá pé atẹ́gùn abẹ́ ilé ń wọ òun léegun. Nígbà tó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá po símẹ́ǹtì. Bàbá jí, ó tẹ́tí, ó ní, "Nola, atẹ́gùn ti dákẹ́." Màmá ò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Bàbá sùn dáadáa títí tó fi lọ.

Mo kàn ń wo ojú Màmá. Màmá ló sọ̀rọ̀: "Kí lò ń wò? Òtútù ò lè mú un mọ́ níbi tó wà. Èmi ni mo ṣẹ́kù, mi ò sì lọ síbì kankan. Gbé òòlù wá." Ó wọ kóòtù Bàbá jáde, ó sì lu bíríkì àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ títí ó fi mì. A bá a yọ ìyókù. A tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn bo gbogbo ilẹ̀ abẹ́ ilé kí omi má lè gòkè mọ́, a dúró kí pákó gbẹ, ká tó wá fún un ní ìbora irun àgùntàn tirẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni yín dé lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń gé etí ẹni. Ó wọ kóòtù, ó fi aṣọ wé ọrùn. Igi kékeré kan péré ló ń jó nínú ààrò. Màmá bu tíì fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ilẹ̀ nìkan ni àwọn oníbàárà ń fẹ́ ládùúgbò yìí, pé irú ilé báyìí, wíwó ni. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó tú aṣọ ọrùn. Ó bọ́ kóòtù. Nígbà tó yá, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Màmá gbé ife kalẹ̀, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ dúró níbẹ̀ o. Opó ni mí, ẹ má bọ́ kọjá bẹ́ẹ̀." Ojú rẹ̀ pọ́n bí tòmátì. Ó ní Lindsay sọ fún òun pé ilé yìí máa ń tutù. Màmá ní, "Ilé tó fi sílẹ̀ ni Lindsay mọ̀. Ẹ sọ fún un pé ilé tó dúró lẹ bá."

Nítorí náà, ẹ má rán ẹnikẹ́ni sí wa mọ́. Ikọ́ ò tíì lọ pátápátá, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì gbọ́ àyà rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ó ti ń mọ́. Ojú fèrèsé gbẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rán nǹkan, ẹ rán ara yín. Ilé Glenys ló kàn, àyè sì wà fún yín lábẹ́ pákó rẹ̀.

Kí ilé tiyín tù yín lára. Kí ẹ̀mí àwọn ọmọ yín gùn, kí wọ́n má sì jogún ìyà tí a sọ di ìwà. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká rí ara wa láyọ̀, nínú ilé yìí.

Èmi ni àbúrò yín tí kì í gba "ó dọ̀la",
Raewyn.

Àfikún: Màmá ti ń hun súwẹ́tà kan tó nípọn fún yín tẹ́lẹ̀, èyí tẹ́ ẹ máa fi sùn níhìn-ín. Ó ti tú u. Ó ní kò sẹ́ni tó máa wọ irú rẹ̀ sùn nílé òun mọ́. Ó ti fi òwú rẹ̀ hun fìlà ìkòkò tíì, ẹ ó bá a nínú àpò ìwé yìí. Ó ní kẹ́ ẹ dé e fún ìkòkò yín, kẹ́ ẹ má sì bi òun mọ́ bóyá òtútù ń mú òun.