Fọ́ọ̀mù Tí Mo Fọwọ́ Sí Fún Màmá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O kú iṣẹ́, o kú àárẹ̀ ọ̀nà. Mo lérò pé ara rẹ le, pé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí o lọ ṣe ń lọ dáadáa. Ara Màmá le, ó ń jẹun. Èmi ni ọkàn mi ò balẹ̀. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, irọ́ ni màá pa.

O mọ iṣẹ́ tí èmi àti àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè márùn-ún jọ ń ṣe, bí a ṣe lè to ilé kí ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé má baà sọnù nínú rẹ̀. A fẹ́ tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà jáde. Gbogbo wọn ti fi fọ́tò yàrá tí wọ́n tún ṣe ránṣẹ́, ó ku tèmi. Akọ̀wé wa tiẹ̀ ti sọ mí ní Ọ̀gá Ó-ku-díẹ̀. Ó dùn mí.

Kí o tó lọ, o sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan yàrá Màmá." Mo ní mo ti gbọ́. Ọjọ́ kejì tí o lọ ni mo pe akunlé. A kun ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ní ọ̀dà tó pọ́n yòò kí Màmá lè tètè rí i. Mo ká rọ́ọ̀gì dúdú kúrò, torí lójú àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé bíi Màmá, àfi bíi pé ihò ló wà nílẹ̀. Mo yí bẹ́ẹ̀dì padà, mo sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde.

Gbogbo ìyẹn bá ìwé mu. Àmọ́ òfin àkọ́kọ́ nínú ìwé ọ̀hún, èmi gan-an ni mo kọ ọ́: ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan láìjókòó ti onílé, kí ẹ sì gbọ́ "mo gbà" lẹ́nu rẹ̀. Mo ti jókòó ti arúgbó mẹ́tàdínlógún nílé onílé. Bàbá káfíńtà kan wà lára wọn tó bá mi jiyàn títí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà lọ bá a. Ìyá tó bí mi lọ́mọ, mi ò bi í léèrè rárá. Mo ní kí ló fẹ́ rántí? Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí onílé máa ń fọwọ́ sí pé ó gbà, inú rẹ̀ sì dùn. Mo wá fọwọ́ sí i fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ dání. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni yàrá yìí? Ilé mi ni mo fẹ́ máa lọ." Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sùn lórí àga ní pálọ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń yin fọ́tò yàrá tí mo fi ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní iwájú ìwé ló máa wà. Mo dúpẹ́, mo tún rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo jẹ́wọ́ fún gbogbo wọn. Wọ́n yọ fọ́tò náà, wọ́n sì ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí wọn yóò fi yẹ gbogbo fọ́ọ̀mù mi wò. Ó tọ́ sí mi.

Mo ti ń dá yàrá náà padà sí bó ṣe wà. Lánàá, mo kúnlẹ̀, mo ń kun ilẹ̀kùn, Màmá sì fa àga, ó ń wò mí. Ó ní, "Oníṣẹ́, ẹ rọra o. Ọmọ mi ọkùnrin mọ̀ nípa ilé dáadáa. Kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ba yàrá mi jẹ́." Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Kí Ọlọ́run mú ọ dé láyọ̀, kí ó sì dá Màmá sí fún wa. Bí o bá dé, bá mi wí bó ṣe wù ọ́. Mi ò ní fi ti pé mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n pa ọ́ lẹ́nu mọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò gbọ́ràn.

Àfikún: Nígbà tí mo parí ilẹ̀kùn náà, ó ní mo ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó bi mí lórúkọ, kó lè ròyìn mi fún ọmọ rẹ̀.