Bí Orúkọ Mi Ṣe Gba Àga Mẹ́jọ Nínú Bọ́ọ̀sì Ìgbòho

Avenue 16, Rue 21,
Treichville,
Abidjan,
Côte d'Ivoire.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá, ọdún 2008.

Àlàmín, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Mo kí ọ, mo kí ará ilé, mo kí ará àdúgbò. Ṣé ara le? Adéfọlákẹ́ ìyàwó wa ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dà á láàmú ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ìmúra Iléyá. Ìyá wa ńkọ́, ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu wọn? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá. Èmi fúnra mi ni mo kà á, n kò wá ẹni tí yóò bá mi kà á. Èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì, lónìí mo ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ mẹ́ta nínú Grand Marché, ọjà ńlá ìlú yìí, àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí ńláńlá ló ń wá kí mi láàárọ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́, nítorí bí n kò bá sọ ọ́, ta ni yóò bá mi sọ ọ́?

O sọ nínú lẹ́tà náà pé ojú Ìyá ti ṣú pátápátá, pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá ojú ènìyàn báyìí kí wọ́n tó mọ ẹni tó dé. O ní wọ́n ń béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ, Ràmúlátù, lójoojúmọ́, pé kí ó wá kí àwọn fọwọ́ kàn án ṣáájú Iléyá yìí, àwọn kò mọ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ọdún 1969 tí a ti jọ sá kúrò ní Gánà wá síbí, Ẹ̀gbọ́n kò tíì délé. Ọkọ wọn ṣàìsàn títí ó fi kú, lẹ́yìn náà ogun dé, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ òsì wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Mo lọ bá wọn ní Abobo, àdúgbò tí wọ́n ń gbé ní Abidjan níbí, mo sì búra fún wọn pé inú bọ́ọ̀sì wa ni wọn yóò bá dé Ìgbòho.

Taofic ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gba ọ̀nà lọ́la Jímọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Bọ́ọ̀sì tiwa yóò gbéra ní Mọ́ńdè, a ó sì dé ọ̀dọ̀ yín ní Àlàmísì, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ǹ bá dúró kí n wá fẹnu sọ ohun tí ojú mi rí, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí o gbọ́dọ̀ mọ̀ kí a tó dé. Jọ̀ọ́, má ka lẹ́tà yìí sókè nínú ọgbà.

Ọdọọdún ni ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ìgbòho níbí máa ń gba bọ́ọ̀sì ńlá kan láti fi wálé ṣọdún. Èmi sì ni olórí ẹgbẹ́, ọdún kọkànlá rèé, kò sí ẹni tó bá mi du ú. Àga àádọ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ó ń gba ẹnubodè mẹ́rin kọjá, a kì í sì í pààrọ̀ ọkọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kò lè bá ọkọ̀ kékeré lọ, nítorí níbẹ̀, ní gbogbo ẹnubodè, wàá sọ̀, wàá gbé ẹrù rẹ, wàá rìn. Nítorí náà bọ́ọ̀sì yìí nìkan ni ọ̀nà tí Ẹ̀gbọ́n ní. Àmọ́ àwọn tó ni bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ gbogbo èrò ránṣẹ́ sí ẹnubodè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣáájú. Ọ̀sán Túsìdeè tó kọjá yìí, ní agogo méjìlá gééré, ni wọ́n ní àwọn yóò ti ìwé náà.

Ọmọbìnrin méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ọ́fíìsì wọn. Ọ̀kan ni Huguette, ọmọ onílùú, òun ló ń tẹ orúkọ. Èkejì ni Silifatou, ọmọ àbúrò mi tó ti kú, tí mo rán ní ilé-ìwé ní Bingerville títí tó fi gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà. Ibí ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé, orí tèmi ni ó gbé.

Àlàmín, o ti rí kọ̀ǹpútà rí, èyí tó ní àwòrán tí wọ́n ń fi nǹkan bí eku tì kiri. Èyí kọ́ ni mò ń wí. Ti Silifatou kò ní àwòrán kankan. Ojú rẹ̀ dúdú bí inú kànga, àmì funfun kékeré kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú níbẹ̀. Ìwọ yóò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbọọrọ, wàá pe iṣẹ́ tí o fẹ́ lórúkọ, wàá to orúkọ àwọn èrò tẹ̀lé e, wàá tẹ bọ́tìnì kan. Kí o tó mí, ìwé mẹ́rin ti jáde, ti Gánà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ti Tógò lédè Faransé, ọmọdé lábẹ́ ẹni tó mú un dání, kálukú lórí àga rẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ìwé náà! Mo dúró, mo ń wò ó, ẹnu mi kò pa dé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, nígbà tí mo kó orúkọ ènìyàn mẹ́tàlélógójì lọ, èmi náà nínú wọn, Huguette ń so orúkọ kálukú pọ̀ mọ́ orúkọ bàbá rẹ̀, ó ń fi ìlà kékeré kan sí àárín, kò sí àlàfo. Ó kan orúkọ mi, ó kọ Ràímì àti Àkànó, ó fẹ́ kọjá. Mo ní kí ó dúró. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ odindi èmi nìyẹn? Mo dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ pé bó ṣe yẹ, kò sì fi ìlà kankan so ó: Alhaji Ràímì Àkànó Olórí Ọmọ Ìgbòho Ní Treichville. Inú mi dùn, mo lọ sílé.

Ti Ẹ̀gbọ́n Ràmúlátù ló kù, nítorí káàdì ìdánimọ̀ wọn pẹ́ kó tó jáde. Àárọ̀ Túsìdeè náà ni mo gbà á, mo sáré dé ọ́fíìsì ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá. Huguette wo ìwé, ó mi orí.

“Tonton, c'est complet. Bọ́ọ̀sì ti kún.”

“Kí ló kún un? Orúkọ mẹ́tàlélógójì ni mo fi ọwọ́ ara mi kó wá fún ọ.”

“Àádọ́ta ni ẹ̀rọ kà.”

“Ẹ lọ kọ́ ẹ̀rọ yín ní ìṣirò!”

Àlàmín, mo pariwo. Mo ní wọ́n ti ta àga àwa ọmọ Ìgbòho fún ẹlòmíràn. Mo ní n kò ní kúrò níbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá Ẹ̀gbọ́n sọ ní Abobo ń padà wá bá mi, ojú Ìyá tó ṣú, ọwọ́ wọn tó ń wá ojú ènìyàn. Silifatou gbọ́ ariwo, ó jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó gba ìwé lọ́wọ́ Huguette, ó wò ó. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó di tábìlì mú kó má bàa ṣubú.

“Baba, ta ni Olórí?”

“Èmi ni.”

“Ta ni Ọmọ?”

“Ọmọ ta?”

“Ó wà lórí àga karùn-ún. Ìgbòho jókòó tì í. Ní wà lórí àga keje, Treichville sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òun náà ń lọ ṣọdún. Baba, ẹ̀yin nìkan lẹ jẹ́ èrò mẹ́jọ!”

Mo ní, “Mo ti ń sọ fún yín tipẹ́ pé mo pọ̀.” Huguette pàápàá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rántí Abobo. Èmi tí mo búra fún Ẹ̀gbọ́n, èmi kan náà ni mo jókòó sórí àga wọn.

Silifatou wá fi ojú dúdú yẹn hàn mí, ó ṣàlàyé fún mi bó ṣe mọ ní Yorùbá, ó fi Faransé dí àlàfo tó kù. Ó ní ẹni méjì ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà, òun ló ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Èkejì wà nínú yàrá, òun ló ń ṣe iṣẹ́. Ẹni ẹnu ọ̀nà kò mọ Alhaji, kò mọ ìjòyè. Ibi tó bá ti rí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ méjì, ibẹ̀ ni yóò gé e sí, yóò kó o wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni inú yàrá kò rí ohun tí o kọ, ohun tí wọ́n gé fún un ló ń rí.

Mo ní, “Aṣọ́bodè nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Ó ń tú ẹrù ẹlẹ́rù.”

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, “Nígbà tí mo ń kó aṣọ gba Cotonou kọjá, tí a kò bá fẹ́ kí aṣọ́bodè tú ẹrù lójú ọ̀nà, a ń fi okùn dì í, wọ́n á sì fi òjé, èdìdì ìjọba, lù ú lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ já a títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin kò ní òjé ni?”

Silifatou tẹjú mọ́ mi. “Baba, ta ló kọ́ yín?”

“Ọjà ni.”

Wọ́n ní in, Àlàmín! Àmì kékeré kan ni, ó so rọ̀ lókè ìlà bí èékánná. O fi ọ̀kan sí ìbẹ̀rẹ̀, o fi ọ̀kan sí ìparí, aṣọ́bodè inú ẹ̀rọ kò ní fọwọ́ kan ohun tó wà láàárín wọn mọ́, bí àlàfo ọgọ́rùn-ún bá wà níbẹ̀. Èyí tó wá kọjá òye mi ni pé nínú ìdì ńlá yẹn, ìdì kéékèèké tún wà. Àmì kan wà tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ: ó ṣí ọ̀kan, ó kó orúkọ Ẹ̀gbọ́n síbẹ̀, ọjọ́ orí wọn, ìlú wọn. Nínú ìdì Ẹ̀gbọ́n, ó tún ṣí òmíràn, ó kó Sàlíhà sí i, ọmọ-ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n ń mú bọ̀. Ó ní bí Sàlíhà bá bọ́ síta ìdì ìyá rẹ̀ àgbà, ẹ̀rọ yóò kà á sí èrò tó dá rin ìrìn àjò, ẹnubodè àkọ́kọ́ ni wọn yóò ti dá a dúró. Ìdì nínú ìdì nínú ìdì, gbogbo rẹ̀ lórí ìlà kan, òjé méjì péré ló sì sé e lójú pa. Ogójì ọdún ni mo ti ń di aṣọ, n kò rí ìdì tó gún báyìí rí.

Agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló parí orúkọ mẹ́rìnlélógójì. Ó tẹ bọ́tìnì. Kò sí ìwé. Àmì kékeré kan tó dà bí orí ọfà ló yọ sísàlẹ̀, ó dákẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, orí ọfà mìíràn yọ.

Huguette ní, “Ó ti kú.”

Òógùn bo Silifatou lójú. Ó ń ka ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èmi, tí n kò mọ èdè ẹ̀rọ kankan, mo na ìka sí i. Mo ní, “Silifatou, mo rí òjé ẹnu ìdì yìí níwájú. Èyí tó yẹ kó wà lẹ́yìn dà?”

Kò sí níbẹ̀! Ó ti ṣí i, kò pa á dé. Ẹ̀rọ náà kò kú rárá, ńṣe ló la ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ tó ń dúró kí a parí ẹrù tí à ń gbé fún un. Kò bínú, kò gé nǹkan kan, ó kàn ń dúró. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣòwò, n kò rí èyí tó ní irú sùúrù yẹn. Silifatou fi àmì kan ṣoṣo sí i, ó tẹ bọ́tìnì. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kárá, kárá, kárá, mẹ́rin. Èmi wà lórí àga kìíní, èmi nìkan, orúkọ mi pé ṣánṣán láìgé. Lórí àga kẹrìnlélógójì, Ràmúlátù Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ìgbòho, Sàlíhà lábẹ́ wọn. Mo jókòó sílẹ̀, mo sọ pé Allahu Akbar. Huguette gbé omi fún mi.

Mo gbé ìwé náà lọ sí Abobo Gare, níbi tí Ẹ̀gbọ́n ti ń ta ọṣẹ. Mo ròyìn fún wọn, mo rò pé wọn yóò yìn mí. Wọ́n ní, “Ìwọ Ràímì, orúkọ mélòó gan-an lo fẹ́ jẹ́? Oyè rẹ ìbá gba ìyá mi lọ́wọ́ mi.” Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n ka orúkọ àwọn sókè. Mo kà á. Wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn, ọwọ́ tí ọṣẹ ti jẹ.

Wọ́n wá sọ ohun tí mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n ní kí o má sọ fún Ìyá pé àwọn ń bọ̀. Bí a bá dé, kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ àwọn. Kí o kàn mú àwọn wọlé, kí Ìyá fi ọwọ́ wá ojú àwọn fúnra wọn. Mo ní, bí Ìyá kò bá mọ̀ yín ńkọ́? Wọ́n ní bí kò bá mọ àwọn, àwọn yóò dúró títí yóò fi mọ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí, Àlàmín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa ni wọ́n. Ṣe bí wọ́n ṣe wí. Èmi náà yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà, n kò ní sọ̀rọ̀.

Bá mi kí Adéfọlákẹ́, kí àwọn ọmọ, kí gbogbo ẹgbẹ́ wa ní mọ́ṣáláṣí. Kí Ìyá fún mi, ṣùgbọ́n má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Ràímì Àkànó.