Àwòrán Mẹ́ta Tí Mo Fi Kún Ìwé Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

"Ta ló ní kó o ki tìẹ bọ inú ìwé àwòrán mi? Ṣé o fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ pé ojú mi ti ń lọ ni? O ò tún bá mi débẹ̀ mọ́ láyé ẹ." Ohun tí Bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ mi nìyẹn, bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo ṣe kọ ọ́. Ẹ má bínú pé mi ò tíì kí yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́. Mo lérò pé ara yín le, pé ọmọ ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Ara tiwa náà le, ọkàn ni kò le.

Ẹ ò mọ̀ nípa ojú Bàbá, torí ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti lé lọ́dún kan tí kò ti rí inú kámẹ́rà dáadáa mọ́. Bí oníbàárà bá jókòó, Bàbá á dúró sẹ́yìn kámẹ́rà, á máa dá a lẹ́rìn-ín: "Ìyàwó, gbójú sókè, àbí ilẹ̀ lo fẹ́ fẹ́ ni?" Èmi tí wọ́n rò pé iná lásán ni mo dì mú, èmi ni mò ń wo inú kámẹ́rà. Bó bá ti dáa, màá fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì tẹ̀ ẹ́. Ìdí tí mi ò fi padà sílé ìwé nìyẹn. Wọ́n ń bi mí bóyá ọ̀lẹ ni mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ò ti ilẹ̀kùn mọ́ mi o. Kò nílò kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ tí mo bá jáde, ìsọ̀ kógbá sílé nìyẹn.

Lánàá la lọ síbi tí àwọn ayàwòrán ti ń gbé iṣẹ́ wọn lọ bá àwọn tó ń wá ayàwòrán. Gbọ̀ngàn ńlá ni, tábìlì bíi ogún. Oníbàárà á jókòó lápá kan, ayàwòrán lápá kejì, bó bá di ogún ìṣẹ́jú wọ́n á lu aago, ẹlòmíì á bọ́ síbẹ̀. Ní ìsọ̀, ńṣe la máa ń jókòó retí ẹni tó máa wọlé, a kì í mọ ohun tí ẹni tó kọjá lọ ń wá. Níbẹ̀, ẹnu oníbàárà fúnra ẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ ọ. Ọkùnrin ilé ìwòsàn kan sọ fún ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé ojú tó rẹwà ti pọ̀ jù nínú ìwé ẹ̀, ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́ lòun ń fẹ́, ló bá gbà á síṣẹ́ lórí ìjókòó. Bàbá onífìlà kan ò rí iṣẹ́ gbà, ṣùgbọ́n wọ́n fi àwòrán tó yẹ kó yọ kúrò hàn án, wọ́n sì júwe ẹni tó máa fẹ́ràn ìyókù fún un. Ńṣe ló ń rìn bí ẹni tó rí iṣẹ́ gbà.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Bàbá fi há bí àwòrán tiwa ṣe tò sórí: ìyàwó, ìkókó, ọ̀gá ilé ìwé, tọkọtaya. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àmọ́ láàárọ̀ yẹn mo rọra ki mẹ́ta tí mo dá yà bọ àárín. Mo kàn fẹ́ kí ojú kan tó mọṣẹ́ rí wọn ni, ì báà jẹ́ lórúkọ Bàbá. Mi ò rántí pé èyí tó há sórí máa dà rú. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rántí.

Obìnrin kan tó ń ṣe ìwé iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ló kàn wá. Nígbà tó ṣí ẹ̀kẹrin, Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tọkọtaya yìí, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu wọn lọ́jọ́ náà." Ẹsẹ̀ aránṣọ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ni obìnrin náà ń wò. Ó wo Bàbá, ó wò mí. Ó rọra béèrè pé, "Níbo lẹ dúró sí tẹ́ ẹ fi ya èyí, sà?" Bàbá ní iwájú ọkọ ìyàwó ni. Ló bá já bọ́ lẹ́nu mi: "Abẹ́ tábìlì aránṣọ ni mo sùn sí, mà."

Obìnrin náà ò fi wá ṣẹ̀sín. Ó ní láti ọdún tó kọjá lòun ti ń wá ẹni tó lè sún mọ́ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, pé iṣẹ́ oṣù méjì ni, láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ká wá rí òun lọ́jọ́ Ajé. Ó fún mi ní káàdì. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì fi í sápò. Àárọ̀ yìí ló wá pariwo yẹn. Nígbà tó pariwo tán, ó jókòó, ó wá ní, "Ta ló máa wá máa fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn?" Ìyẹn dùn mí ju ariwo lọ.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín lọ́hùn-ún. Kí ọmọ yín dàgbà, kó sì ráyè ṣe ohun tó wù ú. Ẹ bá mi kí ọkọ yín.

Èmi ni àbúrò yín, tẹ́ ẹ fi Bàbá sílẹ̀ fún.

Àfikún: Mo ti tún un kà, mi ò ní fi ránṣẹ́. Ẹnu yín ò ní ìdérí, ẹ̀gbọ́n mi, kílẹ̀ tó ṣú ẹ ó ti pe Bàbá. Màá kọ òmíì, màá ní gbogbo wa wà dáadáa. Mo ti ka àdírẹ́sì inú káàdì yẹn kí Bàbá tó gbà á. Lọ́jọ́ Ajé, màá ní mò ń lọ ra bébà. Màá sọ fún obìnrin náà pé gíláàsì ojú ni Bàbá gbàgbé sílé, pé òun ló dá gbogbo ìyókù yà. Mẹ́ta péré ni màá pè ní tèmi. Mẹ́ta yẹn ni màá fi tọrọ iṣẹ́ náà.