Odò Tí Wọ́n Fọ̀ De Adájọ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́, Ìjẹ̀ṣà-Iṣu

Ó rẹ̀ mí. Ìyá Bùnmi, ìyàwó mi, ló ń bá mi kọ èyí. Kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, títí kan ibi tí mo ti máa bá a wí.

Adájọ́ wá lónìí láti fojú ara rẹ̀ rí odò oko bàbá mi, tí àwọn afọ́kúta fi ẹrẹ̀ funfun dí. Ohun tí mo ń bẹ kóòtù fún ni pé kí wọ́n wá kó o.

A débẹ̀, omi mọ́ gaara. Àwọn obìnrin abúlé ti kó ẹrẹ̀ náà lánàá, wọ́n fi dí kòtò ojú ọ̀nà kí mọ́tò adájọ́ lè rọ́nà gbà.

Lọ́yà àwọn afọ́kúta rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹrẹ̀ dà?"

Mo ní, "Orí rẹ̀ lẹ gbà wá." Wọ́n rò pé àwàdà ni. Adájọ́ ní òun yóò tún padà wá wò ó.

Mo bi Ìyá Bùnmi bóyá òun náà bá wọn kó o. "Mo bá wọn kó o o. Ṣé a á gba àlejò sínú ulé tá ò gbá ni?"

Mo ní kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Òkìtì ẹrẹ̀ ṣì wà nínú ọgbà àwọn afọ́kúta lókè odò. Èmi tí mo lọ sí kóòtù kí odò yìí lè mọ́, èmi náà ni mo ń bẹ Ọlọ́run báyìí pé kí òjò tètè rọ̀, kó gbé e wálẹ̀, kó ba odò jẹ́ kí adájọ́ tó padà dé.