Òrùka Ọ̀gá Ìkùn

Àbámẹ́ta, 3 Bélú 2018
Fúnláyọ̀ ọmọ mi fi ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀ ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ó ní kí n máa gbé e rìn, kí orúnkún mi má baà dì. Mo ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́nu — kò lè rí ìṣó kó má ké. Pápá ìṣeré ẹ́sítéètì wa, Abraham Adésànyà, lónìí: ìdérí ìgò, ìdérí ìgò, ṣíbí, kọ́bọ̀ àtijọ́ kan. Inú mi dùn bí ẹni jẹ oyè.

Ajé, 5 Bélú
Ìdérí ìgò. Ẹ̀yin ọ̀mùtí Ajah, Ọlọ́run ń wò yín.

Ọjọ́rú, 7 Bélú
Ọ̀gá ilé-ìwé ẹ̀yìnkùlé wa gbà kí n wọ pápá wọn lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó góòlù, Ẹlẹ́nu fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Mo walẹ̀ — òrùka wúrà! Wọ́n kọ "Samson àti Fikáyọ̀" sínú rẹ̀.
Háà! Samson, Ọ̀gá Ìkùn, aládùúgbò mi! Òun ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ lóṣù tó kọjá pé olè já òrùka gbà lọ́wọ́ òun nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà ẹ̀spírẹ́ẹ̀sì, nígbà tí Lateef dẹ́rẹ́bà wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ ra omi. Olè wo ló wá ń gbá bọ́ọ̀lù níbí?

Ọjọ́bọ̀, 8 Bélú
Mo bi Bọ̀sún, ọlọ́dẹ ilé-ìwé. Ẹ̀rín pa á. "Àǹtí, Ọ̀gá Samson ló ń ṣọ́ góòlù fún wa ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé." Bẹ́ẹ̀ dókítà ti ní kó má gbá bọ́ọ̀lù mọ́ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń parọ́ fún Fikáyọ̀ pé ìpàdé onílé ni òun ń lọ.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àfi bí mo ṣe rántí Lateef. Fikáyọ̀ ní Lateef ló rán àwọn olè. Wọ́n tú àpò rẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n lé e lọ. Samson dákẹ́.
Ẹ̀rín tán.

Ẹtì, 9 Bélú
Mo gbé Ẹlẹ́nu lọ kí wọn. Fikáyọ̀ wà ní kíṣìnì. Mo na ẹ̀rọ sí ọwọ́ ọkọ rẹ̀. "Samson, òrùka rẹ dà?" Òógùn bò ó. Mo rọra ní mo gbọ́ pé ó mọ góòlù í ṣọ́, àti pé Ẹlẹ́nu ti rí nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó.
"Àǹtí Oyin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún mi. Màá ní abẹ́ àga ọkọ̀ ni mo ti rí i."
Mo ní rárá. Sọ òótọ́, kí o sì wá Lateef rí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ẹlẹ́nu á sọ̀rọ̀.

Àìkú, 11 Bélú
Ọ̀gá Ìkùn fi adìyẹ díndín ránṣẹ́. Mo jẹ ẹ́. Mi ò yí ohùn padà.

Ọjọ́rú, 14 Bélú
Ó ti jẹ́wọ́. Fikáyọ̀ wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n. "Àǹtí, mo fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe olè." Wọ́n jọ lọ bẹ Lateef. Lateef ní òun ò ní padà; òun ti ń wa ọkọ̀ ní Lẹ́kkí Free Zone. Kí Samson ṣáà dúró lẹ́nu géètì ibi tí wọ́n ti tú òun wò, kó sọ pé Lateef kì í ṣe olè.

Àbámẹ́ta, 17 Bélú
Samson sọ ọ́ láàárọ̀ yìí, lójú gbogbo wa. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò wá. Lateef bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.
Mo fún Fikáyọ̀ ní òrùka náà. Samson na ìka. Ìyàwó rẹ̀ kò wò ó. Ó ju òrùka sínú báàgì tirẹ̀, ó fa síìpù rẹ̀.
"Ó di ìgbà tí mo bá mọ ẹni tí mo fi ṣe ọkọ."