Páìntì Ẹ̀jẹ̀ Méjì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kẹta, 2020
Gbèsè ni kí n kọ́kọ́ kọ, ìkíni lè dúró. Páìntì ẹ̀jẹ̀ méjì. Àmínù tó ń dáko kòkó wa l'Ájùé fún wa ní ọ̀kan, Tàófíìk awakọ̀ fún wa ní ìkejì. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Ìgò máòtì kọ̀ọ̀kan péré ni wọ́n mu. Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù kẹrin, ni wọ́n máa gé jẹjẹrẹ inú ìfun Ẹlẹ́ṣúgà. Orúkọ tí mo fún ọkọ mi nìyẹn — hóró ṣúgà mẹ́fà nínú ife tíì kan!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31 oṣù kẹta
Dókítà Lọ́pẹ́ tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà pè. Ó ní kí n má bínú, mà. Nítorí kòrónà, wọ́n ti dá gbogbo iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe pàjáwìrì dúró. Ẹlẹ́ṣúgà já fóònù gbà. Ó ní ṣé ó dìgbà tóun bá kú kó tó di pàjáwìrì ni? Dókítà ní òun á pè wá padà. Ọjọ́ wo? Kò mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù kẹrin
Àjíǹde. Ṣọ́ọ̀ṣì wà ní títì. Ẹ̀jẹ̀ nínú póò Ẹlẹ́ṣúgà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù kẹrin
Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà: ẹ̀jẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ márùndínlógójì lọ nínú fìríìjì. Mo kà á lórí kàlẹ́ńdà, òní ló pé. Mo pe Dókítà. Ó ní wọ́n ti fi dóòlà ẹ̀mí ìyálọ́mọ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kò burú. Kò kúkú burú. Ṣùgbọ́n a ó tún wá méjì mìíràn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù karùn-ún
Tàófíìk há sí Bìní, wọ́n ti bọ́dà. Mo gun ọ̀kadà lọ bá Àmínù lóko. Òkèèrè ló ti ń dá mi lóhùn — Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọsibítù yẹn ni kòrónà ń sùn. Àti pé oṣù mẹ́ta ò tíì pé tóun fa ti àkọ́kọ́. Òótọ́ ni. Ó bẹ́ ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún mi. Ẹ̀jẹ̀ ni mo wá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo gbé bọ̀.

Ọjọ́rú, 20 oṣù karùn-ún
Ihò kẹta lára bẹ́líìtì Ẹlẹ́ṣúgà. Ìṣó ló fi lu ú fúnra rẹ̀. Ó ní tó bá yá, òun á máa fi èyí tó kù so ewúrẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù kẹfà
Dókítà pè! Ààyè ti yọ. Èmi àti Ìyìn ọmọ wa la máa fa ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ ya àwòrán inú Ẹlẹ́ṣúgà, kí wọ́n wò ó bóyá ohun tó ṣeé gé lóṣù kẹrin ṣì ṣeé gé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù kẹfà
Wọ́n yà á lónìí. Dókítà Lọ́pẹ́ bi mí pé láti ìgbà wo ni ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Mo ní oṣù kejì ọdún yìí. Ẹlẹ́ṣúgà wojú mi.

Irọ́ ni. Oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni. Èmi ni mo sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Èmi ni mo gbé ṣúgà pamọ́ fún un, kó má baà jẹ ẹ́. Èmi ni mo ń ra àgbo lọ́wọ́ Límátù ní gáréèjì, igba náírà, ìgò kan lọ́sẹ̀ — mo ní ó dínwó ju ọsibítù lọ. Kò sẹ́ni tí mi ò tíì bá bú kòrónà l'Órè yìí. Kòrónà gba oṣù méjì lọ́wọ́ wa. Èmi gba méje.

A délé, ó ní kí n po tíì. Mo ju hóró mẹ́fà sí i. Ó ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ́ sínú ife.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù kẹfà, ni èsì àwòrán náà máa jáde.